Ogun Sudan kì í ṣe àyànmọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15, oṣù Igbe, ọdún 2023, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Khartoum, olú ìlú Sudan. Àwẹ̀ Ràmàdánì ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti jẹ sààrì, wọ́n ti kírun, wọ́n sì ti padà sùn. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ń jóná ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn ọmọ ogun sì ti gba orí afárá tó so Khartoum mọ́ Omdurman àti Bahri lórí odò Náílì, débi pé ẹni tó bá wà ní òdìkejì kò rí ọ̀nà délé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn tó há sí ìlú náà. Inú bọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn wà tí wọ́n fi la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ibodè Íjíbítì, ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí kí àwọn àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Àbújá.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ Sudan bá ti jẹ yọ láàárín wa, ohun kan náà ni mo sábà máa ń gbọ́: pé ìjà ni wọ́n bí àwọn yẹn sí, pé Lárúbáwá àti aláwọ̀ dúdú kò lè gbé pọ̀, pé kò sí bí ogun kò ṣe ní ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń bo àṣírí àwọn tó dá ogun náà sílẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ àyànmọ́ kò ní ẹlẹ́bi. Ogun Sudan ní ẹlẹ́bi, a mọ orúkọ wọn, a sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọkùnrin méjì tó ń jà. Ọ̀gágun Abdel Fattah al-Burhan ni olórí iṣẹ́ ológun Sudan. Mohamed Hamdan Dagalo, tí wọ́n ń pè ní Hemedti, ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní RSF (Rapid Support Forces). Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, èdè Lárúbáwá sì ni wọ́n ń sọ. Wọ́n jọ sin ìjọba Omar al-Bashir, ààrẹ Sudan nígbà náà. Wọ́n jọ lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 11, oṣù Igbe, 2019. Wọ́n tún jọ fipá gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn alágbádá ní ọjọ́ 25, oṣù Ọ̀wàrà, 2021. Burhan jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣèjọba, Hemedti jẹ́ igbákejì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn tàbí àwọ̀ ara ló bí ogun yìí, àárín àwọn méjì yìí kọ́ ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni pé Sudan ti jagun púpọ̀. Ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1956 ló gba òmìnira lọ́wọ́ Ìlú Ọba àti Íjíbítì, ṣùgbọ́n ní oṣù Ògún 1955, àwọn ọmọ ogun gúúsù ti ṣọ̀tẹ̀ ní ìlú Torit. Òyìnbó ti ń ṣèjọba àríwá àti gúúsù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni pé orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, nǹkan bí 800 ipò iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fẹ́ gbé lé ọmọ Sudan lọ́wọ́. Èyí tó kan àwọn ará gúúsù nínú rẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Àwọn ará gúúsù wò ó, wọ́n rí i pé ọ̀gá tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn. Ogun tó tìdí rẹ̀ yọ gba ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ibi tó yẹ kí a dúró sí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1972, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Addis Ababa. Gúúsù ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ Sudan, ó ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì gba púpọ̀ nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ sínú iṣẹ́ ológun. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni àdéhùn yìí fi dúró. Láàárín ọdún mọ́kànlá náà, Mùsùlùmí kò yéé jẹ́ Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì kò yéé jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀yà Dinka àti ẹ̀yà Nuer kò kó kúrò nílẹ̀ wọn, ẹni tí kò fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ogun kò sí.

Kí ló wá yí padà? Ilé iṣẹ́ Chevron rí epo rọ̀bì nítòsí Bentiu, ní gúúsù, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Ààrẹ Jaafar Nimeiri bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe tún ààlà fà kí ibi tí epo wà lè bọ́ sí àríwá. Ní 1983, ó pín gúúsù sí mẹ́ta, ó sì tú ìjọba tí àdéhùn fún wọn ká. Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, ó kéde òfin Ṣàríà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. John Garang, ọmọ gúúsù tó jẹ́ ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ológun Sudan fúnra rẹ̀, ló wá ṣáájú ọ̀tẹ̀. Ó di 2005 kí ogun kejì yìí tó parí. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì èèyàn ló bá a lọ, ebi àti àrùn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2011, wọ́n bi àwọn ará gúúsù léèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́ wà pẹ̀lú Sudan. Nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ń lọ.

Ìkórìíra wà ní 1972, ó wà ní 1983. Ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya á, Nimeiri ni.

Darfur, ní ìwọ̀ oòrùn, tún yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé Mùsùlùmí ni gbogbo wọn níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wà, àwọn Fur, Masalit àti Zaghawa. Àwọn darandaran tó ń da ràkúnmí àti màlúù wà, tí ọ̀pọ̀ wọn ń pe ara wọn ní Lárúbáwá. Wọ́n ti ń jọ gbé tipẹ́, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí ẹran máa ń gbà kọjá àti àkókò tó yẹ kó kọjá. Bí ẹran bá jẹ oko, àwọn olóyè ilẹ̀ náà ló ń parí ọ̀rọ̀, wọ́n á bu owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ìjọba Nimeiri gba agbára yìí lọ́wọ́ àwọn olóyè ní 1971, kò sì fi ilé ẹjọ́ tó ṣe é gbára lé rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá òjò dé, ìyàn ńlá mú ní 1984 sí 1985, àwọn darandaran sì ń sún sí gúúsù lọ́dọọdún, sórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń dá. Ìbọn tún ń wọlé láti ibi ogun Chad àti Libya. Ẹjọ́ tí àgbà méjì ti ń parí rí wá di èyí tí wọ́n ń fi ìbọn dá.

Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Darfur dìde ní 2003, tí wọ́n sọ pé ìjọba ti pa àwọn tì, Bashir kò fọkàn tán ọmọ ogun rẹ̀ láti lọ bá wọn jà, nítorí pé ọmọ Darfur pọ̀ nínú wọn. Ó kó ìbọn fún àwọn ọ̀dọ́ darandaran, àwọn tí ayé wá mọ̀ sí Janjaweed. Wọ́n jó abúlé, wọ́n fipá bá obìnrin lò, wọ́n ju òkú sínú kànga kí ẹni tó bá padà wá má baà rí omi mu. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Hemedti, tó ń ṣòwò ràkúnmí tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀gá.

Àpẹẹrẹ kan wà tó kan àwọn tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ọmọ Haúsá pọ̀ ní Sudan. Ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn gba ibẹ̀ lọ sí Mẹ́kà ní àkókò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 2022, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn Berta ní ìpínlẹ̀ Blue Nile, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Nínú oṣù Ọ̀wàrà, ìjà tún bẹ́, àwọn tó kú sì lé ní igba. Ìjà ẹ̀yà ni ìròyìn pè é. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an ni pé àwọn Haúsá ń béèrè oyè tiwọn tí òfin mọ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní oyè níbẹ̀ kò ní ilẹ̀. Ìjọba tó ní ìwé ilẹ̀ àti ilé ẹjọ́ gidi ì bá ti yanjú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú àdá.

Ìpinnu tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tèmi, ni ti 2013. Bashir gbé àwọn Janjaweed wọ aṣọ ológun, ó sọ wọ́n ní RSF, ó sì fi Hemedti ṣe olórí wọn. Ìdìtẹ̀gbàjọba ló gbé Bashir fúnra rẹ̀ dórí oyè ní 1989, nítorí náà ó mọ ibi tí ewu ti lè yọ sí i. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan máa ṣọ́ èkejì, kí méjèèjì sì máa bẹ̀rù òun. Àwọn àgbà wa ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Níwọ̀n ìgbà tí Bashir ṣì wà nídìí koto náà, ó ń lé ọ̀kan sẹ́yìn fún èkejì. Kò ronú nípa ọjọ́ tí òun kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Owó ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Nígbà tí Gúúsù Sudan dá dúró ní 2011, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo rọ̀bì bá a lọ. Wúrà ló bọ́ sí ipò epo. Ní 2017, RSF gba ibi ìwakùsà wúrà Jebel Amer ní Darfur, púpọ̀ nínú wúrà Sudan sì ń gba ọ̀nà fàyàwọ́ jáde lọ sí Dubai. Hemedti tún ń kó ọmọ ogun lọ jà ní Yemen fún Saudi Arabia àti UAE (orílẹ̀-èdè tí Dubai wà), wọ́n sì ń sanwó fún un. Iṣẹ́ ológun ti Burhan náà ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lóríṣiríṣi, tí owó wọn kì í gba àpò ìjọba kọjá. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba lè bẹ̀rù ìjọba. Àwọn méjì yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó lè ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kò tíì tì. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2018, owó búrẹ́dì kan fò láti pọ́n-ùn Sudan kan sí mẹ́ta ní ìlú Atbara, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pọ̀ sí. Àwọn ọmọ ilé ìwé dé ilé oúnjẹ, wọn kò rí owó ra ohun tí wọ́n máa jẹ, wọ́n bá jáde sí ìgboro. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti jó ilé ẹgbẹ́ òṣèlú Bashir ní ìlú náà. Ìwọ́de náà ràn dé Khartoum, àwọn obìnrin wà níwájú rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Igbe 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti jókòó síwájú olú ilé iṣẹ́ ológun, wọn kò sì lọ títí Bashir fi kúrò lórí oyè. Àríwá, Darfur, ìlà oòrùn, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọ́n ní kò lè gbé pọ̀ jọ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ojú títì kan náà fún bí oṣù méjì.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Òkúdù, 2019, àwọn ọmọ ogun yìnbọn lu àwọn tó jókòó náà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí sì ní RSF ló ṣáájú. Kò sí ọ̀gá ológun kankan tó jẹ́jọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pín ìjọba láàárín ológun àti alágbádá, Abdalla Hamdok di olóòótú ìjọba, ó gbìyànjú láti fa àwọn ilé iṣẹ́ ológun sábẹ́ ìjọba, ọdún 2021 kò sì parí tí wọ́n fi fi í sí àtìmọ́lé.

Àdéhùn mìíràn tún wáyé láàárín àwọn ológun àti alágbádá ní ọjọ́ 5, oṣù Ọ̀pẹ̀, 2022. Ìbéèrè kan ló wá ku: ọdún mélòó ni RSF máa fi wọnú iṣẹ́ ológun, ta sì ni Hemedti máa jíhìn fún títí di ìgbà náà? Àwọn ológun ní ọdún méjì. Hemedti ní ọdún mẹ́wàá. Wọ́n sún ọjọ́ ìbuwọ́lùwé síwájú lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe 2023. Ẹgbẹ́ méjèèjì ń kó ọmọ ogun wọ Khartoum bí ìpàdé ṣe ń lọ. Nígbà tó kù bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, RSF kó ọkọ̀ ogun lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú Merowe. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbà pé yóò ṣòro gan-an láti dá ogun náà dúró. Ṣùgbọ́n láti 1971 títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgbà tí wọ́n lè yà síbòmíràn kò lóǹkà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí níbòmíràn bá èyí mu. Ní 2003, James Fearon àti David Laitin ti yunifásítì Stanford gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn ogun abẹ́lé tó ṣẹlẹ̀ láti 1945 sí 1999. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ṣe pọ̀ tó ní orílẹ̀-èdè kan kò sọ bóyá ogun yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òṣì ló ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìgbèríko, àti ilẹ̀ tó rọrùn fún ọlọ̀tẹ̀ láti sá pamọ́ sí. Òótọ́ mìíràn tó tún wà ni pé orílẹ̀-èdè tó ti jagun rí máa ń tètè padà sójú ogun: ìbọn ṣì wà nílẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kò níṣẹ́ mìíràn. Sudan ní gbogbo èyí. Wọ́n mú kí ogun rọrùn láti dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ṣì gbọ́dọ̀ dá a.

Ẹ wo Gambia. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2016, Yahya Jammeh fìdí rẹmi nínú ìbò lẹ́yìn ọdún 22 lórí oyè. Ó kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń sá lọ sí Senegal. Ilé iṣẹ́ aṣojú Gambia ní Dakar ni Adama Barrow ti búra ní ọjọ́ 19, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2017. ECOWAS ti fohùn ṣọ̀kan, ọmọ ogun Senegal àti Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n kó jọ, àwọn ààrẹ sì ń lọ bá Jammeh sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè rí ibi gbà jáde láìtẹ́. Ọ̀gá ológun Gambia fúnra rẹ̀ ní òun kò ní kó ọmọ ogun òun sínú ìjà olóṣèlú. Ní ọjọ́ 21, Jammeh wọ ọkọ̀ òfurufú lọ.

Gambia kéré, kò sì ní wúrà, mo mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wúwo jù ni pé àwọn aládùúgbò Jammeh kò pínyà, kò sì sí ẹni tó ń gbé ìbọn wá fún un láti ẹ̀yìn. Ní ti Sudan, Íjíbítì wà lẹ́yìn Burhan. Wọ́n fẹ̀sùn kan UAE pé ó ń gba Chad kó ohun ìjà lọ fún Hemedti. Àwọn amòye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn kọ̀wé ní 2024 pé ẹ̀sùn náà ṣe é gbà gbọ́, UAE sì ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Saudi Arabia àti Amẹ́ríkà pe ìpàdé sí Jeddah ní oṣù Èbìbí 2023. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀, ìjà kò sì dáwọ́ dúró.

Ogun ló wá sọ ẹ̀yà di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ pa èèyàn. Ní ìlú El Geneina ní Darfur, ní 2023, àwọn RSF àti àwọn darandaran tó tẹ̀ lé wọn ń pa àwọn Masalit. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní iye tó kú tó 10,000 sí 15,000. Amẹ́ríkà pè é ní ìpẹ̀yàrun ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. El Fasher, ìlú mìíràn ní Darfur, fara da ìdótì fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. RSF mọ òkìtì yẹ̀pẹ̀ yí ìlú náà ká kí ẹnikẹ́ni má baà jáde, kí oúnjẹ má sì wọlé. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àmbásì, ìyẹn pàǹtí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, oúnjẹ tí wọ́n ń fún ẹran ọ̀sìn. Nígbà tó yá, àmbásì náà wọ́n. Ní ọjọ́ 26, oṣù Ọ̀wàrà, 2025, RSF wọlé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó lé ní 460 èèyàn tí wọ́n pa ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún nìkan.

Ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá èèyàn tí ogun yìí ti lé kúrò nílé. Àwọn tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ti ń ṣètò ìwọ́de láti 2019. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná lójú pópó, wọ́n ń se ẹ̀wà àti ọkà fún ẹni tó bá gbé abọ́ wá, wọn kì í sì béèrè ẹ̀yà rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń mú wọn, wọ́n sì ti pa nínú wọn. Ní 2025, wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Right Livelihood. Bí ẹnì kan bá ṣì ní ìkórìíra ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Sudan, kí ó ṣàlàyé ìkòkò wọ̀nyẹn fún mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù báyìí ni ohun tí àwọn ológun ń ṣe láti borí. Wọ́n gba Khartoum padà ní oṣù Ẹrẹ̀nà 2025, ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ló gbà á. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ Darfur àtijọ́ jà fún wọn, ẹgbẹ́ al-Baraa ibn Malik ti àwọn ẹlẹ́sìn jà fún wọn, Abu Aqla Keikal náà jà fún wọn, ẹni tó jẹ́ pé RSF ló ń jà fún tẹ́lẹ̀ kí ó tó yí padà ní 2024. Olúkúlùkù wọn ní ìbọn tirẹ̀, ọ̀gá tirẹ̀ àti ọmọ ogun tirẹ̀. Ní oṣù Ògún 2025, Burhan pàṣẹ pé kí gbogbo wọn wá sábẹ́ òfin ológun. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà fún RSF náà, ilé aṣòfin ló ṣe é ní 2017. Burhan fúnra rẹ̀ ló yọ abala tó fi RSF sábẹ́ òfin ológun kúrò nínú rẹ̀ ní 2019, nígbà tí òun àti Hemedti ṣì jọ ń jẹun.